Ẹ̀KỌ́ FÚN ỌMỌ ẸGBẸ́: YÍYẸ Ẹ́ŃJÌNNÌ ÀLÒKÙ WÒ KÍ A TÓ RÀ Á

Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ẹ̀rọ tí yóò máa rin ẹ̀gẹ́ ní Àpòmù níhìn-ín lè fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì àlòkù, nítorí owó tuntun wọ́n. Kò sí aburú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá kú lẹ́yìn oṣù méjì, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò jọ san ẹ̀yáwó náà. Àwọn àgbà ní a kì í fi ojú olójú ṣòwò kí a jèrè.

Ẹ jẹ́ kí a fi Lister alágbára ẹṣin 6, èyí tí a ń fi ọwọ́ yí, ṣe àpẹẹrẹ. Dursley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe é títí di 1987. Àwọn ará Íńdíà náà ṣe irú rẹ̀.

Èkíní: Ẹ fọwọ́ kàn án. Bí ó bá ti gbóná, ẹ dúró kí ó tutù. Èyí tó ń ṣòro tan ní òwúrọ̀ a máa yá bí wọ́n bá ti tan án tẹ́lẹ̀.

Èkejì: Ẹ ti dísẹ́ẹ̀lì pa, kí ẹ fi ọwọ́ yí i. Níbi tí ó ti ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, ó gbọ́dọ̀ le mọ́ yín lọ́wọ́. Bí ó bá ń yí wẹ́rẹ́, rìǹgì tàbí fáàfù ti jẹ.

Ẹ̀kẹta: Ẹ gbé wíìlì ńlá sókè sódò. Bí ó bá ń mì, bẹ́árìn ti jẹ. Bí ọ́ìlì bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ wo èéfín lẹ́yìn tí ó bá gbóná. Èéfín búlúù, ó ń jó ọ́ìlì. Èéfín dúdú, ẹrù pọ̀ jù tàbí nọ́sùlù kò dára.

Ẹ̀karùn-ún: Ẹ rọ dísẹ́ẹ̀lì kún táńkì, kí ó rin ẹ̀gẹ́ fún wákàtí kan, kí ẹ sì wọn iye tí ẹ ó fi tún un kún. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbé ẹrù kò tíì sọ òtítọ́.

Kí ìgbìmọ̀ rán ènìyàn mẹ́ta pẹ̀lú mẹkáníìkì tiwọn, kì í ṣe ti olùtà. Ẹ gba rìsíìtì, kí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà lórí rẹ̀.

Ìbéèrè fún ìpàdé: Ẹ́ńjìnnì kan mu lítà 1.5, ó rin apẹ̀rẹ̀ 10. Èkejì mu lítà 1.2, ó rin 6. Èwo ni yóò dín ìnáwó wa kù? Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó dáhùn.