Ẹ̀kọ́ fún Ìpàdé Wa: Jẹjẹrẹ Ẹnu Ilé-Ọmọ àti Kànìnkànìn Inú Ara

Kíkà: Máàkù 5:25–34

Ọdún 12 ni obìnrin inú Bíbélì kíkà wa fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí a kíyè sí ni pé ẹ̀yìn ló gbà wá, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Àwa tí a wà ní Igbó Ẹfọ̀n níhìn-ín mọ ìtìjú yẹn. A máa ń jẹ́rìí nípa ọmọ, nípa ọjà, nípa ilẹ̀. Ta ni nínú wa ló ti sọ̀rọ̀ rí nípa ẹ̀jẹ̀ tó tún yọjú lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dá?

Irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí èyí tó ń wá lẹ́yìn ìbálòpọ̀, lè jẹ́ àmì jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní HPV ló ń fa á. Harald zur Hausen, ará Jámánì, ló tú àṣírí rẹ̀ ní 1983, wọ́n sì fi ẹ̀bùn Nobel dá a lọ́lá ní 2008. Oríṣi méjì rẹ̀, 16 àti 18, ló wà nídìí bí ìdá 70 nínú 100 àrùn yìí. Nípa ìbálòpọ̀ ló ń ràn, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí pe arábìnrin rẹ̀ ní alágbèrè. Ìyàwó tó mọ ọkọ kan ṣoṣo lè ní in. Nígbà tí àwọn oníṣègùn yẹ àwọn obìnrin wò ní Ìdíkàn ní Ìbàdàn, tí wọ́n sì tẹ ìwádìí náà jáde ní 2004, bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ló ní in lára, kì í sì í ṣe àwọn ọ̀dọ́ nìkan. Àwọn ìyá àgbà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lára ọ̀pọ̀ jùlọ, ara fúnra rẹ̀ á lé e jáde. Lára àwọn díẹ̀, á fara pamọ́ fún ọdún púpọ̀ kó tó di jẹjẹrẹ.

Arábìnrin kan béèrè lọ́wọ́ wa nípa ìwòsàn tuntun tí ó gbọ́, pé wọ́n ń fi “kànìnkànìn” fa jẹjẹrẹ mu. A wádìí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe kànìnkànìn ìwẹ̀.

Nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa, lẹ́tà ń jáde láti inú ìwé ńlá tí Ẹlẹ́dàá kọ sínú wa, tó ń sọ iṣẹ́ tí ara yóò ṣe. Lẹ́tà yìí ni RNA. Àwọn RNA pínnísín kan tún wà, tí wọ́n ń pè ní microRNA, tí ń di lẹ́tà mú kí ara má baà ṣe àṣejù. Victor Ambros àti Gary Ruvkun ní Amẹ́ríkà rí wọn lára aràn kékeré kan ní 1993. Ẹ̀bùn Nobel ti 2024 ni wọ́n gbà lé e. Nínú jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, ọ̀kan nínú wọn, miR-21, a máa pọ̀ jù. Lẹ́tà tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé “ó tó, dúró” ló sì ń dì mú. Àfi bí ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń gba gbogbo lẹ́tà tí ìyá kọ sí ọmọ rẹ̀ pé kó máa bọ̀ nílé.

Ní 2007, Margaret Ebert, Joel Neilson àti Phillip Sharp gbé ọgbọ́n kan jáde: RNA gígùn kan tí ó ní ibi ìdìmú púpọ̀ tẹ̀léra wọn, tó jọ ti lẹ́tà tòótọ́. microRNA á lọ rọ̀ mọ́ èyí, lẹ́tà tòótọ́ á sì rí ọ̀nà kọjá. Ẹni tó bá ń ṣe é kì í jẹ́ kí ibi ìdìmú náà bá microRNA mu tán pátápátá. Á fi àlàfo sí àárín, nítorí bí wọ́n bá bára mu tán, èròjà tó gbé microRNA dání lè gé kànìnkànìn náà sí méjì. Ó yà wá lẹ́nu láti kà pé ara ti ń ṣe irú rẹ̀ fúnra rẹ̀: ní 2013, wọ́n ròyìn RNA roboto kan nínú ọpọlọ tó ní ibi ìdìmú tó lé ní 70.

Ṣùgbọ́n inú ìgò àti ara eku ni iṣẹ́ yìí ṣì wà ní ti jẹjẹrẹ tiwa yìí. Ẹni tó bá fẹ́ tà á fún yín nínú ike, ẹ má fún un lówó. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n sábà fi ń dán irú rẹ̀ wò wá láti ara Henrietta Lacks, obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, ìyá ọlọ́mọ márùn-ún, tí àrùn yìí pa ní 1951. Wọn kò tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó wà nílẹ̀ fún wa báyìí kò le tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 2023, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá kan fi ọmọ pamọ́ nítorí wọ́n gbọ́ pé kò ní jẹ́ kó bímọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ gan-an ló ń mú kí wọ́n yọ ilé-ọmọ.

Ní ti àwa tí ọjọ́ orí wa ti kọjá abẹ́rẹ́, àyẹ̀wò ni tiwa, láti ọdún 30 sókè. Nọ́ọ̀sì lè fi omi kíkan pa ẹnu ilé-ọmọ. Ibi tó bá ti ń bàjẹ́ á funfun, wọ́n sì lè tọ́jú rẹ̀ kó tó di jẹjẹrẹ. Ẹni tí ojú bá ń tì láti dá lọ, kó sọ fún ìyá kan nínú ẹgbẹ́ lẹ́yìn ìpàdé, méjì méjì ni kí a máa lọ. Ẹni tó bá sì ń rí ẹ̀jẹ̀ báyìí, kó má dúró de ìpàdé.