Ẹ̀kọ́ kẹrìnlá: Oúnjẹ tí ara Àlàbá kọ̀

Ìyá kan wà ní abúlé kan lẹ́bàá Kétu. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Ìyá Àlàbá. Ó ti bí Táyé àti Kẹ́hìndé, ó bí Ìdòwú, kó tó wá bí Àlàbá. Gbogbo wọn ló fún lọ́mú. Nígbà tí wọ́n pé oṣù 6, ó fi ẹ̀kọ mímu kún un. Níbi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ, wọ́n ti kọ́ ọ pé ẹ̀kọ nìkan ò tó ọmọ, kó máa lọ ẹ̀pà sísun sí i. Ẹ̀pà yẹn ló sọ Táyé àti Kẹ́hìndé di alágbára.

Lọ́jọ́ tí Àlàbá kọ́kọ́ mu ẹ̀kọ ẹlẹ́pà, àyíká ẹnu rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Ìyá rẹ̀ rò pé ẹ̀fọn ló jẹ ẹ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ètè rẹ̀ wú, ó bì, ara rẹ̀ sì sú bí ẹni tí wèrèpè kàn.

Ìyá ọkọ ní: "Ìyàwó, ọmọ yìí ti jẹ èèwọ̀."

Bàbá Àlàbá ní: "Ìyá, èèwọ̀ wo? Ṣebí oko ẹ̀pà lẹ fi tọ́ wa dàgbà."

Ẹ̀rù ba Ìyá Àlàbá. Ó fi ẹ̀pà sílẹ̀. Ó tún fi ẹja sílẹ̀, ó fi ẹyin sílẹ̀, ó fi ẹ̀wà sílẹ̀. Ó ku ẹ̀kọ àti omi. Lẹ́yìn oṣù 3, irun orí ọmọ ń pọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò lè ṣeré mọ́. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí.

"Ìyá Àlàbá, kí lẹ̀ ń fún ọmọ yìí jẹ?"

"Ẹ̀kọ ni, Ìyá."

"Ẹ̀kọ nìkan?"

"Ẹ̀kọ nìkan. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Agbẹ̀bí mi orí. Ó ní: "Ọ̀tá kan ṣoṣo ni ọmọ yìí ní. Ẹ wá lé ọ̀rẹ́ mẹ́ta dànù pẹ̀lú rẹ̀."

Kí ló ṣe Àlàbá? Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, a ní àwọn ohun kan tó dà bí ẹ̀ṣọ́. Iṣẹ́ wọn ni láti bá kòkòrò àìsàn jà. Lára ọmọ mìíràn, àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí máa ń ṣi oúnjẹ rere mú bí ọ̀tá. Ìjà yẹn ló ń mú kí ara sú, kí ètè wú, kí ọmọ bì. Àwọn dókítà ń pè é ní àlẹ́ríjì. Kì í ṣe pé ìyá ọmọ ṣẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ayé. Kò sì jọ èèwọ̀ tí a mọ̀: èèwọ̀ ilé, gbogbo ará ilé ló ń pa á mọ́, ṣùgbọ́n èyí, ara ọmọ kan péré ló kọ̀ ọ́.

Bí gbogbo ilé bá jẹ ọbẹ̀ tí gbogbo ilé sì ń ṣu, ọbẹ̀ ló bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọmọ kan ló ń ṣe, tó sì jẹ́ pé gbogbo ìgbà tó bá jẹ nǹkan náà ni, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí 2, ẹ fura. Ẹ̀pà, ẹyin, wàrà màlúù, ẹja, edé, akàn, yànmọ̀tí, sóyà àti àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì ló sábà máa ń fà á. Ti ẹyin àti ti wàrà sábà máa ń lọ bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Ti ẹ̀pà, ó sábà máa ń bá ènìyàn dàgbà ni.

Ìyá Àlàbá fi ẹ̀pà nìkan sílẹ̀. Ó dá ẹja gbígbẹ lílọ̀, ẹyin, ọ̀lẹ̀lẹ̀ àti wàgásì padà fún ọmọ. Ó fi ẹ̀gúsí rọ́pò ẹ̀pà nínú ọbẹ̀, ó ń fi epo pupa àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sí i. Nítorí pé ẹ̀wà àti sóyà bá ẹ̀pà tan, agbẹ̀bí ní kó fi díẹ̀ tọ́ ọmọ wò, lójú rẹ̀ níbẹ̀, lójú ọ̀sán, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Nǹkan kan ò ṣe é. Ẹsẹ̀ ọmọ fọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí sáré.

Lọ́jọ́ ọjà kan, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ra àkàrà fún un. Ta ló máa rò pé ẹ̀pà wà nínú àkàrà? Òróró ẹ̀pà tí àwọn obìnrin fi ọwọ́ fún ni wọ́n fi dín in. Kò pẹ́, ohùn Àlàbá yí padà, ó ń wúkọ́, àyà rẹ̀ ń sú bí fèrè, ara rẹ̀ rọ. Ìyá àgbà gbé epo wá, ó fẹ́ rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Bàbá rẹ̀ gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣe dáadáa: epo, wàrà tàbí àgbo lè gba ọ̀nà èémí lọ pa ọmọ tí ò lè mí. Ó gbé ọmọ jókòó sáyà rẹ̀, wọ́n gun alùpùpù, ó di ilé ìwòsàn. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ adirẹnalíìnì ní itan. Èémí rẹ̀ padà. Wọn ò jẹ́ kó lọ títí ilẹ̀ fi ṣú, torí ó lè tún dé.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, bí ara bá sú lásán, ẹ ṣọ́ ọmọ, kí ẹ sì mú un lọ fún àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n bí ọ̀fun bá ń dí, bí èémí bá le, bí ahọ́n bá wú, bí ọmọ bá ń dákú, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá ń dákú, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè; bí kò bá lè mí, ẹ jẹ́ kó jókòó. Ẹ má jẹ́ kó fẹsẹ̀ rìn.

Látìgbà náà, Àlàbá ní igbá tirẹ̀ àti ṣíbí tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ fi òwú pupa so igbá náà. Bí Ìdòwú bá jẹ kúlíkúlí, ó gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ẹnu, omi nìkan ò tó, kó tó bá àbúrò rẹ̀ ṣeré. Sísun tàbí sísè ò mú nǹkan náà kúrò nínú ẹ̀pà. Bàbá rẹ̀ lọ sọ fún obìnrin tó ń se oúnjẹ nílé ìwé. Wọ́n sì kọ́ Àlàbá fúnra rẹ̀ láti wí pé: "Ẹ ṣeun, mi ò kì í jẹ ẹ̀pà, ó ń dí mi lọ́fun."

Nígbà tó bí Ìdògbé, Ìyá Àlàbá ní òun ò ní jẹ́ kí ẹ̀pà wọlé mọ́. Agbẹ̀bí ní rárá. Ní ọdún 2015, àwọn oníṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù sọ ohun tí wọ́n rí lára ọmọ 640 tí ara wọn ti ń yún gidi tàbí tí ara wọn kọ ẹyin. Wọ́n fún apá kan ní ẹ̀pà láti kékeré, wọn ò fún apá kejì. Nígbà tí wọ́n pé ọdún 5, nínú 100 tí wọn ò fún, bíi 17 ni ara wọn kọ ẹ̀pà. Nínú 100 tí wọ́n fún, bíi 3 péré. Ìdògbé pé oṣù 6, wọ́n fi ẹ̀pà lílọ̀ kúnná díẹ̀ tọ́ ọ wò níwájú agbẹ̀bí. Kì í ṣe ẹ̀pà oníhóró o, ìyẹn lè há ọmọ lọ́fun. Ó lá a tán, ó tún la ẹnu.

Ẹ bá ara yín sọ ọ́ ní kíláàsì: Kí ló fa ẹsẹ̀ wíwú Àlàbá, ṣé ẹ̀pà ni? Ní abúlé yín, oúnjẹ wo ni ẹ̀pà ń fara pa mọ́ sí? Lóru, ta ló ní alùpùpù tó lè gbé ọmọ yín dé ilé ìwòsàn?