Ẹ̀yin Aláwàdà Ọ̀jọ́, Ẹ̀rín Kì Í San Gbèsè

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ṣàwàdà ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò, ẹ fetí sílẹ̀. Bí wọ́n bá pè yín láti fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò lórí rédíò, bóyá ní LASU Rédíò 95.7 tó wà nítòsí yín, ẹ múra. Rédíò kò rí aṣọ ńlá, kò rí ojú tí ẹ fún pọ̀. Ohùn nìkan ló mọ̀. Olóògbé Gbénga Adébóyè, aláwàdà orí rédíò, mọ èyí: òun nìkan a fọ ohùn oríṣiríṣi, ẹ ó rò pé èrò kún yàrá.

Ẹ má sì tijú ọ̀rọ̀ owó. Ní 1982, aláwàdà Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, gbé fíìmù Ọ̀run Móoru jáde. Àwọn olè ṣe àdàkọ rẹ̀ tà, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Nítorí náà, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ kí ẹ tó gun orí ìtàgé. Ẹ gba àsansílẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tó ni fídíò tí wọ́n bá yà.

Ẹ máa gbọ́ bí àwọn àgbà aláwàdà ṣe ń dáhùn ìbéèrè. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n la fi í ṣọgbọ́n.