Àpótí Ìmọ̀: Mọ́tò wo ló yẹ bàálù tó ń tàkìtì?

Bàálù kékeré tí a ń fi rédíò darí kò gbọdọ̀ wúwo bó bá máa tàkìtì lókè. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi igi balsa, ìbátan àràbà wa, kan ara rẹ̀. Kó tó lè nàró ṣánṣán lójú òfuurufú, agbára tó ń fà á gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ: fún bàálù kílò 1, ẹ wá ìfà tó tó kílò 1.5. Ní Agbamu, tí eruku ọyẹ́ ń wọ ibi gbogbo, mọ́tò oníbátìrì ni mo fara mọ́. Kò ní kabúrétọ̀ bíi ti ẹ́ńjìnnì elépo, tí eruku yóò dí. Ní ti bátìrì rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì lithium mẹ́ta tí a so tẹ̀lé ara wọn, fólítì 3.7 lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́ fólítì 11.1. Ẹ má jẹ́ kí ìkankan wálẹ̀ ju fólítì 3 lọ, yóò bàjẹ́.