Àpótí Ìmọ̀: Kí ló ń dá aboyún dúró?

Ìwádìí ìlera tí àjọ tó ń rí sí ètò ìkànìyàn ní Nàìjíríà ṣe ní 2018 fi hàn pé, nínú ìbímọ 100, nǹkan bí 39 péré ló wáyé ní ilé ìwòsàn. Owó ni gbogbo ayé kọ́kọ́ ń dá lẹ́bi. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́. Ta ní ń pàṣẹ nínú ilé? Aboyún tí ìrọbí mú lóru lè máa dúró de ọkọ tàbí ìyá ọkọ kí wọ́n tó ní kó máa lọ. Bí wọ́n bá gbà tán, ọkọ̀ dà? Ìwà òṣìṣẹ́ tún wà ńbẹ̀, èyí tí a kì í sábà kà sí: obìnrin tí nọ́ọ̀sì jágbe mọ́ lórí ìkúnlẹ̀ lè má padà síbẹ̀ mọ́, ọ̀dọ̀ ìyá agbẹ̀bí àdúgbò tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ni yóò gbà lọ.

Láti mú irú ìdíwọ́ wọ̀nyí kúrò, ní 2009, ìjọba Ìpínlẹ̀ Òndó bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́. Wọ́n fún aboyún ní fóònù tí yóò fi pe òṣìṣẹ́ ìlera tó ń mójú tó o, òṣìṣẹ́ náà a sì gun alùpùpù wá bá a nílé. Ìtọ́jú di ọ̀fẹ́. Àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ńkọ́, tí oúnjẹ òòjọ́ wọn wà nínú iṣẹ́ náà? Nígbà tó yá, ìjọba ń fún wọn lówó lórí aboyún tí wọ́n bá mú wá sí ilé ìwòsàn, ó sì kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn.