Àbẹ̀kẹ́, Má Fi Omi Pa Igi Náà

Àbẹ̀kẹ́ mi,

   

Mo rí fọ́tò iwájú ilé tuntun yín ní El Paso tí o fi ránṣẹ́. Koríko tí àwọn tó ta ilé fún yín fi sílẹ̀ ti gbẹ dànù, o sì ní ọkọ rẹ fẹ́ gbin òmíràn, kí ẹ wá fi igi rose yí i ká. Jọ̀wọ́, ẹ dá ètò yẹn dúró ná. El Paso kì í ṣe ilẹ̀ koríko. Igi tí mo fẹ́ kí ẹ gbìn ni èyí tí àwọn ará Mẹ́síkò ń pè ní cenizo, tí àwọn tó ń ta ọ̀gbìn ń pè ní Texas sage. Leucophyllum frutescens ni kí o wá lára ìwé pélébé tí wọ́n fi sí ìkòkò rẹ̀, nítorí oríṣiríṣi ewé ni wọ́n ń pè ní sage lọ́jà, títí kan èyí tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀.

Ọmọ Ìbàdàn ni ọ́. Níbi tí a ti tọ́ ọ dàgbà, òjò ọdún kan máa ń sún mọ́ ínǹṣì 50, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá sì dé, omi la máa ń bù sí ìdí ohun gbogbo láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ní El Paso, òjò ọdún kan kò tó ínǹṣì 9, láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń rọ̀. Ọwọ́ tí a fi ń tọ́jú ọ̀gbìn nílé kò bá igi yìí mu rárá. Ohun tí mo torí ẹ̀ kọ lẹ́tà yìí gan-an nìyẹn.

Orí òkúta ẹfun ni cenizo ti máa ń hù fúnra rẹ̀, lẹ́bàá odò Rio Grande, ní agbègbè Big Bend, títí wọ àríwá Mẹ́síkò. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gba omi dúró. Bó o bá rí i, wo ewé rẹ̀ dáadáa: irun funfun wíníwíní ló bò ó, òun ló fún un ní àwọ̀ eérú yẹn. Irun náà ń dá oòrùn padà, kì í sì í jẹ́ kí omi inú ewé tètè gbẹ. Òjò lè má rọ̀ fún oṣù mélòó kan, kó má kú. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ọ̀rinrin wọ inú afẹ́fẹ́, kí òjò rọ̀: kò ní pẹ́ tí òdòdó elésè àlùkò á fi bo gbogbo ara rẹ̀, oyin á sì rọ́ dé. Lọ́dún 2005, ìjọba Texas sọ ọ́ di àmì ìpínlẹ̀ náà gẹ́gẹ́ bí igi kúkúrú àbínibí. Ó tọ́ sí i.

Àwọn cenizo tí mo ti rí tó kú ní àdúgbò wa níbí ní San Antonio, omi ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn èèyàn á gbìn ín sáàárín koríko tí ẹ̀rọ ń wọ́n omi sí lójoojúmọ́. Ewé á máa di yẹ́lò, á máa rẹ̀. Onílé á rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, á tún bu omi kún un. Gbòǹgbò á máa jẹrà nísàlẹ̀, kó tó mọ̀, ẹ̀ka ti gbẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ tí o bá gbìn ín, gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì wọlẹ̀, ó nílò omi. Bu omi sí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí omi náà wọlẹ̀ jìnnà, kó má kàn rin orí ilẹ̀ lásán. Kó o tó tún bu òmíràn, ti ìka rẹ bọ inú ilẹ̀. Bó bá ṣì tutù, padà sínú ilé. Lẹ́yìn náà, máa fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kó di ọ̀sẹ̀ méjì, kó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láti ọdún kejì, bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀ nígbà ooru, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó. Nígbà òtútù, fi í sílẹ̀. Mo mọ̀ pé yóò ṣòro fún ọ. Nọ́ọ̀sì ni ọ́, o kì í lè ká ọwọ́ gbera níbi tí nǹkan bá ti ń rẹ̀. Fún igi yìí, kíká tí o bá ká ọwọ́ gbera ni ìtọ́jú.

Ó wá ku ìyá rẹ, àbúrò mi. Bó bá wá kí àwọn ọmọ, garawa omi ló máa kọ́kọ́ gbé nídàájí. Má bá a jiyàn. Gbin ewúro àti tẹ̀tẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé fún un, níbi tí omi wọn kò ti ní ṣàn dé iwájú, kó máa bomi rin wọ́n bó ṣe wù ú. Inú ìkòkò ńlá ni kí ewúro wà, kí ẹ lè gbé e wọlé nígbà tí òtútù bá dé, torí òtútù El Paso á pa á. Cenizo kò ní kú sí irú òtútù yẹn.

Ibi tí oòrùn ń pa láàárọ̀ títí dọjọ́rọ̀ ni kí ẹ gbin cenizo sí. Bó bá wà lábẹ́ ìbòji, á máa nà gbọọrọ, òdòdó rẹ̀ á sì wọ́n. Ẹ gbẹ́ kòtò, ẹ da omi kún un, kí ẹ lọ sùn. Bí omi bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, caliche ló wà nísàlẹ̀, ìyẹn ilẹ̀ funfun tó dì gbagidi tó pọ̀ lágbègbè yín. Kí ọkọ rẹ fi díígà fọ́ ọ, tàbí kí ẹ kó erùpẹ̀ jọ gègèrè, kí ẹ gbìn ín sórí rẹ̀. Kí kòtò náà má jìn ju ìkòkò tí ẹ rà á nínú rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Erùpẹ̀ tí ẹ gbẹ́ jáde náà ni kí ẹ dá padà. Ẹ má fi ìgbẹ́ adìẹ sí i, ẹ má fi ajílẹ̀ kankan sí i. Ilẹ̀ ọlọ́ràá kì í jẹ́ kí ẹ̀ka rẹ̀ lágbára. Oṣù Kẹwàá ló dára jù, nígbà tí ooru bá ti rọlẹ̀.

Bó bá dàgbà, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé ọgbà yóò wá kanlẹ̀kùn, wọn á ní àwọn fẹ́ gé e kó rí róbótó. Má gbà fún wọn. Orí ẹ̀ka tuntun ni òdòdó ti ń yọ, bí wọ́n bá ń gé e ṣáá, òdòdó ni wọ́n ń gé dànù. Inú máa ń bí mi tí mo bá rí i níwájú àwọn ilé ìtajà, tí wọ́n ti rẹ́ ẹ kúrú, tí kò lè tanná mọ́. Lópin oṣù Kejì, gé ẹ̀ka tó ti kú àti èyí tó dí ọ̀nà, ó tán.

Ọkọ rẹ ń bẹ̀rù pé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò lè bu owó ìtanràn lé yín bí kò bá sí koríko. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní Texas lọ́dún 2013 kò gbà kí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ka ọgbà tí kì í mu omi púpọ̀ léèwọ̀. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí ẹ kọ́kọ́ mú ètò yín wá kí àwọn wò ó. Ẹ yà á sórí ìwé, ẹ fún wọn, kí ẹ sì gba èsì wọn ní kíkọ sílẹ̀ kí ẹ tó hú koríko.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, kó àwọn ọmọ lọ sí Chihuahuan Desert Gardens tó wà nínú Yunifásítì Texas ní El Paso. Àwọn igi aṣálẹ̀ agbègbè yín ló kún ibẹ̀. Ẹ má sì lọ hú èyí tó wà nínú ọgbà ìjọba ní Big Bend o, òfin kò gbà á.

Owó tí mo fi sí àkáǹtì rẹ, ti igi mẹ́ta ni. Ìkòkò gálọ́ọ̀nù kan ni kí ẹ rà, ẹ má ra gálọ́ọ̀nù márùn-ún; èyí tó kéré máa ń tètè ta gbòǹgbò. Igi náà lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, kó sì fẹ̀ tó mẹ́fà, nítorí náà ẹ má gbìn ín mọ́ ògiri, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sáàárín ara wọn. Bó o bá ti rà wọ́n, pè mí kí ẹ tó gbẹ́ kòtò.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.