Bí Òní Ṣe Rí, Ọ̀la Kì Í Rí Bẹ́ẹ̀: Ìmọ̀ràn Lórí Fífi Akọni Àná Wé Akọni Òní

“Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún.” Òwe yìí ló yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ sí ọkàn ẹni tó bá fẹ́ fi abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ayé àtijọ́ wé ti ìgbà tó tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì kò lè pàdé mọ́ lórí pèpéle ìjà. Wíwọ̀n ló kù, ìwọ̀n náà kò sì lè tọ́ bí olùwọ̀n kò bá kọ́kọ́ wo ohun tí ìgbà kálukú gbé ka iwájú rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó dára jù lọ fún ọgbọ́n yìí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni Hogan “Kid” Bassey, ọmọ Calabar, àti Azumah Nelson, ọmọ Accra ní Gánà. Àwọn méjèèjì ló gba oyè àgbáyé ní ìpele featherweight, níbi tí akànṣẹ́ kò gbọdọ̀ wọ̀n ju pọ́n-ùn 126 lọ, ìyẹn nǹkan bíi kìlógíráàmù 57. Ọdún 1932 ni wọ́n bí Bassey. Nelson dé ilé ayé ní July 1958, nígbà tí Bassey ṣì wà lórí oyè.

Ohun àkọ́kọ́ nínú ìfiwé ni kí àwọn tí a fẹ́ fi wéra jọ wọ inú òṣùwọ̀n kan. Ìka kò dọ́gba. Anthony Joshua, akànṣẹ́ tí ìdílé baba rẹ̀ wá láti Ṣàgámù, wọ̀n ju kìlógíráàmù 100 lọ. Ẹni tó bá gbé e kalẹ̀ síwájú Bassey kò ṣe ìfiwé kankan, ara ńlá ló fi ń na ara kékeré. Ti Bassey àti Nelson kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n gùn.

Ohun kejì ni kí a mú kálukú ní ìgbà tí agbára rẹ̀ pé. Ti Bassey bẹ̀rẹ̀ ní Paris ní 24 June 1957, nígbà tó dá Cherif Hamia dúró ní abala 10, tó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè ẹ̀ṣẹ́ kíkàn àgbáyé. Ní April 1958, ó gbé Ricardo Moreno ọmọ Mẹ́síkò ṣubú ní abala kẹta ní Los Angeles. Ti Nelson bẹ̀rẹ̀ ní San Juan ní 8 December 1984, níbi tó ti ṣẹ́gun Wilfredo Gómez ní abala 11 lójú àwọn ará ìlú Gómez gan-an. Nelson tún gòkè sí ìpele tó tẹ̀ lé e, ó sì ń jà fún oyè títí di 1997. Ẹni tó bá mú Nelson ẹni ọdún 38 tí Genaro Hernández gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, tó wá fi wé Bassey ẹni ọdún 25 ní Paris, ti rẹ́ Nelson jẹ. Bákan náà ni ẹni tó bá fi ọjọ́ tí Davey Moore ṣẹ́gun Bassey ní March 1959 ṣe gbogbo ìtàn Bassey.

Ohun kẹta ni òfin ìjà. Abala 15 ni ìjà oyè àgbáyé ní ayé Bassey. Ní November 1982, Kim Duk-koo, ọmọ South Korea, kú lẹ́yìn ìjà tó bá Ray Mancini jà ní Las Vegas. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àjọ WBC, ọ̀kan nínú àwọn àjọ tó ń fi oyè àgbáyé lélẹ̀, dín abala kù sí 12, kí ẹ̀mí má baà máa ṣòfò. Àyípadà yìí kan àwọn méjèèjì gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ̀yìn abala 13 ni Bassey jókòó tí kò dìde mọ́ níwájú Moore. Abala 15 ni Salvador Sánchez dá Nelson dúró ní New York ní July 1982. Ká ní abala 12 ni ìjà méjèèjì, orí ìdúró ni agogo ìparí ì bá bá àwọn méjèèjì, àwọn adájọ́ ni ì bá sì sọ ẹni tó borí. Nítorí náà, ẹni tó bá ń gbé wọn pàdé lọ́kàn gbọ́dọ̀ sọ iye abala kí ó tó sọ ẹni tí yóò ṣẹ́gun.

Ohun kẹrin ni ọ̀nà tí kálukú gbà débi oyè. Ní 1957, ọba kan ṣoṣo ló wà ní ìpele náà. Nígbà tí Sandy Saddler fi oyè sílẹ̀, Bassey kọ́kọ́ ní láti borí Miguel Berríos ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó jẹ́ kí ó kojú Hamia. Nígbà tí Nelson gba oyè WBC, Eusebio Pedroza ọmọ Panama wà lórí oyè ti àjọ mìíràn, WBA, àwọn méjèèjì kò sì jà rí. Ní ti ìrírí, Bassey ja ìjà tó lé ní 70 ní ayé iṣẹ́ rẹ̀. Ti Nelson kò tó 50. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n ìrírí Nelson kò ṣeé fojú di: kí ó tó di akànṣẹ́ olówó ló ti gba wúrà ní Ìdíje Commonwealth ní Edmonton ní 1978.

Ohun karùn-ún, tí ọ̀pọ̀ olùfiwé máa ń gbàgbé, ni ọjọ́ orí àti agbára ẹni tí kálukú ṣẹ́gun. Bassey na Willie Pep ní Boston ní September 1958, orúkọ Pep sì tóbi púpọ̀. Àmọ́ ẹni ọdún 36 ni Pep nígbà náà, ìgbà rẹ̀ ti ń lọ. Gómez jẹ́ ẹni ọdún 28, òun ló sì di oyè náà mú nígbà tí Nelson gbà á. Ìṣẹ́gun ti Nelson wúwo jù.

Nígbà tí gbogbo èyí bá ti wà lórí òṣùwọ̀n, ìdájọ́ kò ṣòro mọ́. Bassey kúrú, ara rẹ̀ le, ó sì máa ń wọ inú ẹni tó ń bá a jà ni. Akànṣẹ́ tó ń sá, tó ń yí kiri, bíi Pernell Whitaker tó borí Nelson ní 1990, ló ń yọ Nelson lẹ́nu. Ẹni tó bá ń bọ̀ wá bá a ní tààrà, oúnjẹ rẹ̀ ni. Nítorí náà, bí abala bá jẹ́ 12, tí agbára àwọn méjèèjì sì pé, Nelson ni yóò borí. Bí ó bá di abala 15, ìjà náà á sún mọ́ra, síbẹ̀ ọwọ́ Nelson ni yóò lékè.

Ìdájọ́ yìí kò sọ Bassey di kékeré. Ẹni a bá lábà ni baba. Kò sí ọmọ Nàìjíríà kankan tó ti rin ọ̀nà náà kí ó tó rìn ín. Nígbà tó fi ìjà sílẹ̀, ó di olùkọ́ àwọn akànṣẹ́ Nàìjíríà, ìran tó tẹ̀ lé e sì rí èrè: ní Tokyo ní 1964, Nojim Maiyegun gba bàbà, àmì-ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà. Bí ọwọ́ ọmọdé kò ti tó pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ ni ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ohun tí Bassey ṣe fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò sí lára ohun tí abala ìjà lè wọ̀n.

Ìmọ̀ràn yìí wúlò fún àwọn tó ń jiyàn lórí eré ìdárayá ní Adéwọlé ní Ìlọrin gẹ́gẹ́ bó ṣe wúlò fún àwọn ará Bukom ní Accra. Kí olùjiyàn kọ́kọ́ sọ òṣùwọ̀n, ìgbà, òfin, ọ̀nà àti alátakò, kí ó tó dárúkọ ẹni tó fara mọ́. Kí ó gbọ́ ti ẹnìkejì pẹ̀lú, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ohùn bá sì ti ń lọ sókè, kí ó rántí pé ìjà kò dọlà, orúkọ ni í sọni. Òbí tó ń fi èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀ wé ti ara rẹ̀ nígbà èwe gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìlànà kan náà: kí ó béèrè irú ìdánwò tí ọmọ náà ṣe, irú olùkọ́ tó kọ́ ọ, àti iye àwọn tó bá a díje. Lẹ́yìn ìbéèrè wọ̀nyí ni ó tó lè yìn ín tàbí bá a wí, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wọ̀ ọ́ létí.